Ẹrẹ̀ Tó Kan: Ohun Tí Àwọn Ọ̀mọ̀lé Asante Ti Mọ̀

Kí Kumasi tó di olú ìlú Asante ni Tafo ti jẹ́ ìlú ọjà. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Osei Tutu ṣẹ́gun rẹ̀, tó sì so ó mọ́ ìjọba tuntun tó ń dá sílẹ̀. Lónìí, Kumasi ti gbé Tafo mì. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Kejetia kò ní mọ ibi tí ìlú kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù ló kún ibẹ̀, sìmẹ́ńtì sì ni olórí ohun ìkọ́lé.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Bowdich, bá àwọn aṣojú wọ Kumasi lọ́dún 1817, ilé amọ̀ ló bá níbẹ̀: igi àti ọ̀pá tí wọ́n hun pọ̀, tí wọ́n wá fi amọ̀ dí. Ìsàlẹ̀ ògiri pupa, ó ń dán. Òkè rẹ̀ funfun. Ó yàwòrán wọn sínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1819. Lóṣù kejì ọdún 1874, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sun ìlú náà níná. Díẹ̀ ló ṣẹ́ kù ní agbègbè náà, irú bí ojúbọ Besease nítòsí Ejisu, tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé lọ́dún 1980.

Ọnà ara ògiri ni gbogbo èèyàn máa ń yìn. Èmi, ẹrẹ̀ náà gan-an ni mo ń wò.

Ọ̀mọ̀lé kì í wa ilẹ̀ lónìí kó fi mọlé lónìí. Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi sílẹ̀, wọ́n á tún padà wá tẹ̀ ẹ́. Ní Djenné ní Mali, wọ́n á da èèpo ìrẹsì mọ́ ọn, wọ́n á sì jẹ́ kó kan. Ẹni tó bá ti rẹ àgbàdo ògì rí mọ ohun tí òórùn yẹn túmọ̀ sí: iṣẹ́ ń lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ń jẹ koríko àti èèpo inú ẹrẹ̀, wọ́n sì ń tu nǹkan tó ń fà bí oje igi jáde, òun ló ń so amọ̀ pọ̀. Àwọn obìnrin Asante ló máa ń fi ntwoma, ilẹ̀ pupa, ra ara ògiri àti ààrò, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ẹlẹ́bọ́tọ ra ilẹ̀ ilé. Ní àríwá Ghana, omi èèpo èso igi irúgbá, igi tí a ń rí irú lára rẹ̀, ni wọ́n fi ń kun ògiri kí òjò má baà wọ̀ ọ́.

Ní Amẹ́ríkà, Jason DeJong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2006. Wọ́n fún bakitéríà kan, Sporosarcina pasteurii, ní yúríà àti kálísíọ̀mù, ó sì mú kí ẹfun ṣù sáàárín yanrìn títí tó fi le bí òkúta. Lọ́dún 2015, yunifásítì Arizona State di ibùjókòó iléeṣẹ́ ìwádìí kan tó dá lé irú iṣẹ́ yìí. Ó dára. Àmọ́ amóníà tó ń ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ di fífọ̀ kúrò, kó má baà ba omi jẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, inú yanrìn ni ọ̀nà náà ti rọrùn jù. Ihò inú amọ̀ kéré jù fún bakitéríà láti gbà kọjá. Ilẹ̀ pupa wa sì kún fún amọ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀lé ti wúlò: títẹ̀ tí wọ́n ń tẹ ẹrẹ̀ ló ń po omi, oúnjẹ àti kòkòrò pọ̀ dé ibi tí ẹ̀rọ kò lè fún un dé.

Kì í ṣe pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Kumasi. Iléeṣẹ́ ìwádìí ilé kíkọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Accra lọ́dún 1952 ló di BRRI tó wà ní Fumesua báyìí, wọ́n sì ti fi amọ̀ sísun ṣe ohun tó ń rọ́pò apá kan sìmẹ́ńtì. Iná ni wọ́n fi ṣe ìyẹn, kì í ṣe kòkòrò. Láti Fumesua dé Besease kò jìnnà. Nígbà tí wọ́n bá tún ń po ẹrẹ̀ láti fi tún ojúbọ náà ṣe, kí wọ́n gbé ìgò dání, kí wọ́n bù ú lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ keje, kí wọ́n sì bi àwọn ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n rà pé ọjọ́ wo ló tó lò.