Akẹgbẹ́ Ẹni Ni Òṣùwọ̀n Ẹni: Senna àti Prost ní Ọdún 1988

Nínú gbogbo eré ìje tí ọmọ aráyé ń fi ọgbọ́n orí àti agbára apá ṣe, bóyá ni òmíràn wà tí ìdájọ́ rẹ̀ ṣòro tó ti ọkọ̀ Formula 1, nítorí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ dé òpin ìje lè jẹ́ akọni ní tòótọ́, ó sì lè jẹ́ ẹni tí àwọn tí ó rọ ọkọ̀ rẹ̀ kàn mọ iṣẹ́ wọn ju àwọn yòókù lọ. Bí a bá gbé ọ̀kan nínú ẹlẹ́ṣin méjì gun ẹṣin tí a fi ọkà bàbà bọ́ yó, tí a sì gbé èkejì gun ẹṣin tí ń tiro, ta ni yóò jẹ́ wí pé òun mọ èwo nínú wọn ni ó mọ ẹṣin í gùn? Ìdí nìyí tí àwọn tí eré náà yé dé ìpìlẹ̀ kì í fi í fi ariwo èrò ṣe, tí ó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó sọ bí awakọ̀ kan ti tó: ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ọ̀gá kan ni ó ń sanwó fún àwọn méjèèjì, ilé iṣẹ́ kan ni ó rọ ọkọ̀ wọn, ẹ́ńjìnnì wọn kò yàtọ̀, táyà kan náà ni ó sì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wọn. Bí ọ̀kan bá wá fi àgbà han èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin rẹ̀, àwáwí tí ó kù kò pọ̀ mọ́.

Bí ó ti wù kí ó rí, wíwọn akẹgbẹ́ pẹ̀lú akẹgbẹ́ pàápàá ní ẹ̀tàn tirẹ̀, nítorí ohun tí a bá yàn láti kà ni yóò sọ ẹni tí ó borí. Kò sí ọdún tí ó fi èyí hàn wá kedere bí ọdún 1988. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a yà sí ọdún 1984 díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1984 náà, awakọ̀ méjì ni ẹgbẹ́ McLaren ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní. Èkíní ni Niki Lauda ọmọ ilẹ̀ Austria, ọkùnrin tí iná ọkọ̀ jó lójú ní Nürburgring ní 1976, tí ó tún padà sẹ́nu ìje lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Èkejì ni Alain Prost ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tí ó sì yára jù ú lọ. Nínú ìje 16, Prost borí nínú 7, Lauda borí nínú 5. Nígbà tí wọ́n ka máàkì tán, Lauda ní 72, Prost ní 71½. Ìlàjì máàkì ni ó gba adé lórí ọ̀dọ́kùnrin náà! Ibi tí ìlàjì náà sì ti wá ni ìje Monaco, níbi tí òjò ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ìje dúró kí ó tó dé ìdajì, tí wọ́n sì pín máàkì sí méjì, tí Prost tí ó borí kò fi rí ju 4½ gbà dípò 9. Ká ní wọ́n jẹ́ kí ìje náà parí ni, kódà bí ó bá ṣe ipò kejì, máàkì 6 ni ìbá gbà, adé ọdún náà ìbá sì jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ń lé e bọ̀ kíkankíkan nínú òjò náà, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a nígbà tí wọ́n dá ìje dúró, ni ọmọkùnrin ẹni ọdún 24 kan láti ilẹ̀ Bùràsíìlì, tí ó wà nínú ọkọ̀ Toleman tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Orúkọ rẹ̀ ni Ayrton Senna.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ron Dennis tí ó jẹ́ olórí McLaren mú Senna wá sí ilé tí Prost ti ń jẹ oyè. Prost ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1985 àti 1986, kò sì sẹ́ni tí ìbá mú ọmọ Bùràsíìlì náà wọlé bí òun kò bá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí a ní kó féni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé fún àwọn méjèèjì ní ọdún náà ni MP4/4, èyí tí Steve Nichols ṣe aṣíwájú fún yíya àwòrán rẹ̀ lábẹ́ Gordon Murray, ọkọ̀ tí ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ sùn. Honda ti ilẹ̀ Jàpáànù ni ó sì rọ ẹ́ńjìnnì oníturbo tí ó wà nínú rẹ̀. Òfin ọdún náà kò gba irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ láyè ju epo lítà 150 lọ fún odidi ìje kan, nítorí náà ẹni tí ó bá ń fi tipátipá tẹ epo láti ìbẹ̀rẹ̀ lè má dé òpin. Nínú ìje 16, ẹgbẹ́ náà borí nínú 15. Èyí ni pé kò sí alátakò gidi fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì àfi ara wọn.

Ìwà wọn kò jọra rárá. Prost, ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, gbà pé bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a óò rí ìfun inú rẹ̀: a máa tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe fún ìje ọjọ́ Sunday ju ti Sátidé lọ, a máa ṣọ́ táyà, a máa ṣọ́ epo, a sì máa wakọ̀ lọ́nà tí ẹni tí ń wòran yóò fi rò pé kò yára, títí àsìkò yóò fi tó kí ó yọ sí ẹni tí ó wà níwájú. Senna ọmọ São Paulo ní tirẹ̀, afòjò-ṣẹ̀ṣọ́, asáré-bí-àrá-ń-lé-e, kò mọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀sọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí yóò dúró níwájú, ìgbà 14 nínú 16 ni ó yára ju Prost lọ, ìgbà 13 ni ó sì dúró sí ipò kìíní pátápátá. Bí a bá ní Sátidé nìkan ni a ó kà, kí olúwarẹ̀ máa lọ sílé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ kò parí bẹ́ẹ̀. Ní ìje àkọ́kọ́ ní Rio, gíà ọkọ̀ Senna dààmú rẹ̀, ó bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn ní ìgbà tí òfin kò gbà mọ́, wọ́n sì lé e jáde lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Prost gba 9. Ní Imola, ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, Senna borí, Prost tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì sì fi odidi ìyípo kan ju gbogbo ayé yòókù lọ. (Ojú ọ̀nà kan náà yẹn, ọjọ́ kan náà yẹn, ní ọdún 1994, ni ikú yóò ti pa ọmọkùnrin náà.) Lẹ́yìn èyí ni wọ́n lọ sí Monaco.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní Monaco, nítorí gbogbo ẹjọ́ náà ni ó wà níbẹ̀ ní kékeré. Ní Sátidé, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 23.998 ni Senna fi yí ìgboro náà po. Prost, akọni àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì, nínú ọkọ̀ kan náà, lo ìṣẹ́jú kan àti 25.425. Nínú eré tí ènìyàn ti ń jìjà nítorí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, àlàfo tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ kì í ṣe àlàfo mọ́, ọ̀gbun ni. Ní ọjọ́ kejì, Senna sáré lọ, Gerhard Berger nínú Ferrari sì dí Prost lọ́nà fún ìgbà pípẹ́, títí ìyàtọ̀ àárín àwọn akẹgbẹ́ méjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan gbáko. Nígbà tí Prost ráyè kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré, kì í ṣe pé ó lè bá a mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó ń bá jà. Senna sì dá a lóhùn, òun náà ń sáré sí i, títí àwọn ọ̀gá fi sọ fún un lórí rédíò pé kí ó rọra. Ó rọra. Ìgbà tí ó rọra tán ni ọkàn rẹ̀ ṣí kúrò níbi iṣẹ́, ó sì fi ọkọ̀ gbá irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní kọ́nà tí wọ́n ń pè ní Portier, nígbà tí ìyípo 11 péré kù. Kò padà lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé rẹ̀ tí ó wà nítòsí ni ó gbà lọ. Prost gba 9 mìíràn.

Bí ọdún ti ń lọ ni ọwọ́ ń yí. Prost borí ní Mẹ́síkò àti ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ó ti yọ sí Senna láàárín àwọn ọkọ̀ tí ó ń falẹ̀, ìṣe àgbà tí ó mọ ibi tí ọmọdé máa ń gbé ṣìṣe. Ṣùgbọ́n ní Silverstone, òjò dé. Wọ́n ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa; síbẹ̀ ẹni tí ó bá rí Senna lábẹ́ òjò yóò ṣe iyèméjì sí òwe náà. Ó borí; Prost, tí ọkọ̀ rẹ̀ kò dúró dáadáa lójú omi, yà kúrò nínú ìje kí ó tó dé ìdajì. Àwọn oníwèé ìròyìn ilẹ̀ rẹ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà, ó sì dùn mí pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n gbàgbé pé ọkọ̀ Prost ni Didier Pironi fi eré pátápátá kọlù láti ẹ̀yìn nínú òjò Hockenheim ní 1982, tí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà fi fọ́, tí kò sì tún dé ìdí ọkọ̀ Formula 1 mọ́ láé. Ẹni tí ó ti rí irú rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìgboyà.

Senna gba ti Jámánì, ti Họ́ngárì àti ti Bẹ́ljíọ̀mù tẹ̀ léra. Ní Monza, ẹ́ńjìnnì Prost kọṣẹ́, Senna sì fara kọ ọkọ̀ tí ó fẹ́ kọjá nígbà tí ìyípo méjì kù, Ferrari bá gba ìje kan ṣoṣo tí McLaren pàdánù, kò tíì pé oṣù kan tí Enzo Ferrari kú. Ní Estoril ti ilẹ̀ Pọtogí ni ọ̀rẹ́ tí kò tíì fìdí múlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí já: bí Prost ti fẹ́ kọjá, Senna tì í sún mọ́ ògiri tí àwọn òṣìṣẹ́ dúró sí, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó wà níbẹ̀ fi fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn. Prost kọjá, ó borí, inú rẹ̀ kò sì tún tutù sí Senna mọ́. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan.

Nígbà tí wọ́n dé Suzuka ní ilẹ̀ Jàpáànù ní òpin oṣù Kẹwàá, Senna nílò ìborí kan péré. Iná tàn pé kí wọ́n lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì kú. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá tẹ́jú ni, ìtàn ìbá yàtọ̀; ṣùgbọ́n ibẹ̀ dagun, ọkọ̀ náà yí sísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì jí, Senna bá ara rẹ̀ ní ipò 14. Ó kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀ sí sẹ̀, gíà ọkọ̀ Prost ń dà á láàmú, nígbà tí ó sì di ìyípo 28, akẹgbẹ́ kọjá akẹgbẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá 13 ni ó fi borí.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Láti ọdún 1950 tí ife-ẹ̀yẹ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni òfin kan ti wà pé a kì í ka gbogbo ìje fún awakọ̀; ní 1988, 11 tí ó dára jù lọ nínú 16 ni wọ́n ń kà. Ẹni kìíní ń gba 9, ẹni kejì ń gba 6. Prost borí nínú 7, ó sì ṣe ipò kejì nínú 7. Ìje méjì tí kò parí nìkan ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ìje tí ó parí tí ó ṣe ipò kẹta. Àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 105. Ti Senna jẹ́ 94. Ṣùgbọ́n òfin yọ ipò kejì mẹ́ta kúrò lọ́wọ́ Prost, ó ku 87. Senna tí ó borí nínú 8 kò pàdánù ju 4 lọ, ó ku 90. Ẹni tí ó fi 11 ṣíwájú wá di ẹni tí ó fi 3 gbẹ́yìn.

Àwọn kan tún ní ẹ́ńjìnnì Senna dára ju ti Prost lọ. Balestre tí ó jẹ́ olórí FISA, àjọ tí ó ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ nígbà náà, ọmọ ilẹ̀ Faransé bíi Prost, tilẹ̀ kọ̀wé sí Honda kí ìje Suzuka tó dé pé kí wọ́n rí i dájú pé dọ́gbadọ́gba ni ohun tí wọ́n ń kó fún àwọn méjèèjì. Èmi kò rí ẹ̀rí kan tí ó lè mú mi gba ẹ̀sùn náà gbọ́. Ọ̀gbun Monaco kò ti inú ẹ́ńjìnnì wá, nítorí ojú ọ̀nà ibẹ̀ há, ó sì kún fún kọ́nà, ọwọ́ àti ojú ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju agbára ẹ̀rọ lọ.

Bí wọ́n bá ní kí n dájọ́, Senna ni ó yára jù, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Adé rẹ̀ kì í ṣe adé olè, nítorí òfin ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ti ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde, Prost sì mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wí pé Senna na Prost ní àlùbolẹ̀ ní ọdún náà kò ka ìwé rẹ̀ dé ìdí: ọkùnrin tí kò parí ìje kan sí ẹ̀yìn ipò kejì láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kọkànlá kì í ṣe ẹni tí a ṣẹ́gun, ẹni tí òfin kò ṣe ojú rere sí ni. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà yí padà pátápátá: Senna borí nínú 6, Prost nínú 4, wọ́n kọlu ara wọn ní Suzuka, Prost sì fi 76 sí 60 gba ife-ẹ̀yẹ kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ferrari. Ní 1991 ni wọ́n fagi lé òfin ìyọkúrò náà, tí wọ́n sọ máàkì ìborí di 10, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ka gbogbo ìje láìyọ ọ̀kan sílẹ̀ fún gbogbo awakọ̀.