Kétu ti di ahoro nígbà tí wọ́n fa ààlà



Bí ọmọ Kétu bá fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ àgbà ní Ìmẹ̀kọ lónìí, àlejò ni òfin ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan rò pé láti ayébáyé ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Rárá o.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ní Paris. Wọ́n mú ìlà kan láti odò Àjàrá, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, wọ́n fà á gbọọrọ lọ sí àríwá lórí máàpù. Ìwọ̀-oòrùn di ti Faransé, ìlà-oòrùn di ti Gẹ̀ẹ́sì. Kétu bọ́ sí apá kan. Ìmẹ̀kọ, Ìlárá àti Ìwóyè, tí wọ́n ń wárí fún Alákétu, bọ́ sí apá kejì.

Ta ni wọ́n bi léèrè? Kò sí ẹni tí wọn ìbá bi. Ogun Dàhòmì ti fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Lóko ẹrú ni àwọn onílẹ̀ wà nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ wọn. Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, àwọn tó ṣẹ́kù padà wálé, ìlú sì tún dìde ní 1894. Ìlà ti pé ọdún márùn-ún kí wọ́n tó dé.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ẹnubodè. Ṣebí Àkábá Ìdẹ̀nà ṣì wà ní Kétu títí dòní? Ṣùgbọ́n ọ̀tá ni wọ́n torí rẹ̀ mọ ọ́n, kì í ṣe ọmọ Ìmẹ̀kọ.

Láìpẹ́, ìlà yìí di ibi ìsádi. Faransé ń gba owó orí, wọ́n ń fipá mú èèyàn ṣe iṣẹ́ ojú ọ̀nà, nígbà tí ogun 1914 sì dé, wọ́n ń mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ ṣe sójà. Ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù, wọ́n sọdá sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì náà kì í ṣe áńgẹ́lì o, àmọ́ ìnira tiwọn fúyẹ́ ju ti Faransé lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ pé sísá yẹn gan-an jẹ́ ọ̀nà tí àwọn èèyàn fi kọ ìjọba. 1946 ni òfin Faransé tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó sọdá ti bímọ, wọ́n ti kọ́lé sí apá kejì. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn ọmọ-ọmọ wọn lónìí.

Ní oṣù karùn-ún 1979, ECOWAS, tí àwa níhìn-ín ń pè ní CEDEAO, ṣe àdéhùn ní Dakar. Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà tó péye àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára lè wọlé láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ibi tó ti ká wa lára nìyẹn, nítorí ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ kò tíì sí nínú rẹ̀. Wọ́n sún un síwájú di ọjọ́ mìíràn.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ní oṣù kìíní 1983, Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kó jáde. Ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà wà níbẹ̀. Oṣù keje 1986 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn ibùgbé. Ẹni tí wọ́n ti lé ní 1983 kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀.

Òfin wà báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó níwèé lọ́wọ́ ni ó ń gbè. Ìyá oníṣòwò tó ń ti abúlé kan dé èkejì kò ní ìwé ìrìnnà. Owó ló ń fi dáhùn lẹ́nubodè.

Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ 2019. Wọ́n ní torí ìrẹsì àti fàyàwọ́ ni. Nígbà tí wọ́n ṣí mẹ́rin ní oṣù kejìlá 2020, Sẹ̀mẹ̀ nìkan ni ti ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ìdí-Ìrókò dúró di oṣù kẹrin 2022.