Ìjókòó Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Ní ọdún 1904 ni àwọn ará Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Abidjan. Ní 1912 ó dé Bouaké, ní 1954 ó sì dé Ouagadougou. Nínú ọkọ̀ náà, owó ni ó ń yan ibi tí olúkúlùkù yóò jókòó sí. Ọkọ̀ kan náà ni ó ń kó àwọn ọmọ Haute-Volta, tí í ṣe Burkina Faso lónìí, lọ sí oko àwọn òyìnbó fún iṣẹ́ àfipáṣe, títí òfin Félix Houphouët-Boigny fi fòpin sí i ní 1946. Ta ni yóò bi irú wọn léèrè ibi tí ó wù wọ́n láti jókòó?

Ní Gúúsù Áfíríkà, ní 1893, Gandhi sanwó ipò kìn-ín-ní. Síbẹ̀ wọ́n fi ipá tì í sọ̀ kalẹ̀ ní Pietermaritzburg nítorí àwọ̀ rẹ̀.

Ìjókòó tí ènìyàn sanwó fún, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni; a kì í fi agbára gbà á. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá kún, tí arúgbó tàbí abiyamọ wà ní ìdúró, ọmọlúwàbí a fúnra rẹ̀ dìde. Ìtìjú ni kí a lé ènìyàn dìde. Iyì ni kí ó dìde fúnra rẹ̀. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.