Láti Oníkọ́kọ́rọ́ dé Alátìlẹ́yìn: Ìtàn Iṣẹ́ Kéà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn Yorùbá tó wà ní Peckham àti Woolwich kì í fi orúkọ gígùn da ara wọn láàmú: "iṣẹ́ kéà" ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n fi ń gbani síṣẹ́, orúkọ náà kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan. Care assistant ni ẹni tó ń wẹ arúgbó, tó ń wọṣọ fún un, tó ń fún un lóúnjẹ. Support worker, alátìlẹ́yìn, ni ẹni tó ń dúró tini kí onítọ̀hún lè ṣe é fúnra rẹ̀: kó se ọbẹ̀ rẹ̀, kó wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́jà, kó san owó iná. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe méjèèjì pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Síbẹ̀, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí orúkọ kejì yìí tó yọjú.

Òfin àwọn aláìní ti ọdún 1834 ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn òfin yẹn, arúgbó, aláàbọ̀ ara àti ọmọ òrukàn tí kò rẹ́ni gbé e, workhouse, ilé tí wọ́n ń kó tálákà sí kó fiṣẹ́ gba oúnjẹ, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábà ń já sí. Wọ́n á ya ọkọ sọ́tọ̀, wọ́n á ya aya sọ́tọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ayé ibẹ̀ korò, kó má baà wu ẹni tí ebi kò tíì lé débẹ̀. Bí àìsàn bá dé, àwọn tálákà ẹlẹgbẹ́ ẹni ló sábà ń tọ́jú ẹni, oúnjẹ díẹ̀ sí i sì lè jẹ́ gbogbo owó iṣẹ́ wọn. Ní àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ, òṣìṣẹ́ a máa so kọ́kọ́rọ́ mọ́dìí. Ẹ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe olùtọ́jú.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, ọjọ́ kan náà tí NHS, ètò ìlera ìjọba, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, National Assistance Act fòpin sí òfin àwọn aláìní àtijọ́, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ láti pèsè ilé fún arúgbó àti aláìlera tí kò ní olùtọ́jú. Ó dùn ún kà lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú ilé tí wọ́n pèsè, workhouse àná ni wọ́n kàn kùn lọ́dà. Peter Townsend, onímọ̀ nípa àwùjọ, wo ilé 173 káàkiri England àti Wales kó tó tẹ ìwé rẹ̀, The Last Refuge, jáde ní 1962. Arúgbó ṣì wà nínú ògiri àtijọ́ wọ̀nyẹn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, iṣẹ́ mìíràn ti ń hù. Òfin 1918 gba ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti rán obìnrin lọ ran ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́ nílé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó dé ọ̀dọ̀ arúgbó pẹ̀lú. Home help ni wọ́n ń pè é. Ó ń gbálẹ̀, ó ń kó eérú, ó ń dáná èédú, ó ń lọ ra búrẹ́dì, á sì dúró tàkúrọ̀sọ díẹ̀. Lójú tèmi, òun gan-an ni ìyá ńlá support worker, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, nítorí òun ló ní láti kanlẹ̀kùn onílé kó tó wọlé.

Ohun tó tú ilé oníkọ́kọ́rọ́ ká ni àṣírí. Ní 1967, ìwé ìròyìn News of the World gbé ẹ̀sùn òṣìṣẹ́ kan jáde nípa Ely Hospital ní Cardiff, níbi tí àwọn tó ní ìpèníjà òye ń gbé. Ìgbìmọ̀ tí Geoffrey Howe jẹ́ alága rẹ̀ jábọ̀ ní 1969 pé wọ́n fìyà jẹ àwọn aláìsàn níbẹ̀. Ní 1971, ìjọba kéde pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa padà sáàárín ìlú. Bí wọ́n ṣe ń ti ilé ìwòsàn wọ̀nyí pa láàárín àwọn ọdún 1980 àti 1990, ẹni tó ti gbé inú wọ́ọ̀dù láti kékeré á wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé tirẹ̀. Ta ni yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù? Níbẹ̀ ni orúkọ support worker ti gbilẹ̀.

Àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn kò sì káwọ́ gbera. Paul Hunt, tó ti gbé ní ilé ìtọ́jú Le Court ní Hampshire, kọ lẹ́tà sí The Guardian ní 1972, ó ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Láti ibẹ̀ ni UPIAS, ẹgbẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ti dìde. Wọ́n ní kì í ṣe ara àwọn ló ń dí àwọn lọ́wọ́, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe to ìlú. Òfin 1996 wá gbà kí ìjọba ìbílẹ̀ kó owó lé aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ kó fi gba òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ṣe di ọ̀gá nìyẹn.

Ìdí tí owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kéà fi ń ti ọwọ́ aládàáni wá báyìí kò ṣẹ̀yìn Roy Griffiths, ọ̀gá kan ní ilé ìtajà Sainsbury's, tó jábọ̀ fún ìjọba lórí ìtọ́jú láàárín ìlú ní 1988. Òfin 1990, tó múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1993, sọ ìjọba ìbílẹ̀ di olùrà dípò olùṣe. Bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà ni àkókò ń kéré sí i, títí àbẹ̀wò oníṣẹ́jú 15 fi di ohun tí a ń gbọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé òṣìṣẹ́ tó sùn mọ́jú nílé ẹni tó ń tọ́jú kò ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin là kalẹ̀ fún wákàtí tó fi sùn, àfi èyí tó fi jí ṣiṣẹ́.

Ní 2011, kámẹ́rà ìkọ̀kọ̀ ètò Panorama ti BBC ká ìwà ìkà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní Winterbourne View, ilé ìwòsàn àwọn tó ní ìpèníjà òye nítòsí Bristol. Mẹ́fà lọ sẹ́wọ̀n. Ìwé ẹ̀rí Care Certificate dé ní 2015, ṣùgbọ́n England kò tíì ní ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ òṣìṣẹ́ kéà bíi ti Scotland àti Wales. Ohun ìtìjú ni, mo rò.

Ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni físà ṣílẹ̀kùn fún òṣìṣẹ́ kéà láti òkèèrè, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó pọ̀ jù lọ tó gbà á wọlé. Ní oṣù Kẹta 2024, wọ́n ní ẹni tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó wà lókèèrè. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ń gbowó wákàtí láti wẹ ìyá oníyàá, ó sì ń fi lára owó náà ránṣẹ́ sí ọmọdébìnrin tó ń wẹ ìyá tirẹ̀ n'Ìbàdàn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ arúgbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, àpótí irin kékeré kan wà lára ògiri. Òṣìṣẹ́ á tẹ nọ́ńbà, á mú kọ́kọ́rọ́ jáde, á ṣílẹ̀kùn díẹ̀, á kàn án, á ké wọlé pé òun dé.