Òfin Àjòjì, Orúkọ Ìlú àti Ìrìn-àjò Afẹ́: Gánà àti Nàìjíríà láti 1969

Òfin àjòjì ni ìjọba fi ń pinnu ẹni tó lè wọ̀lú, ẹni tó lè jókòó ṣòwò níbẹ̀ àti ẹni tó gbọ́dọ̀ kẹ́rù rẹ̀. Gánà àti Nàìjíríà ti fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lé ọmọ ara wọn jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni gbèdéke àṣẹ 1969 àti ti 1983, ṣùgbọ́n àbùkù tó fi kan orúkọ wọn kò tíì tán, ó sì ń yọjú nígbàkígbà tí wọ́n bá ń wá àlejò tó máa náwó nílé wọn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a rí láàárín ọjọ́ 14, tàbí kó fi Gánà sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ti fìdí múlẹ̀ ní Tamale, Kumasi àti Accra. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn sí. Wọ́n ta ọjà ní gbàǹjo, wọ́n fi ilé àti gbèsè tí aráàlú jẹ wọ́n sílẹ̀. Oko kòkó Gánà náà pàdánù òṣìṣẹ́.

Ó wá kan Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Shehu Shagari, ní kí àjòjì tí kò ní ìwé jáde kí oṣù náà tó parí. Owó epo ti já wálẹ̀, ìdìbò sì ń bọ̀. Àwọn tó kó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí pé Gánà ti ti ẹnubodè tirẹ̀ pa, ọ̀pọ̀ há sí orílẹ̀-èdè Benin kí Jerry Rawlings, olórí Gánà nígbà náà, tó ṣí i. Báàgì ọ̀rá onílà pupa àti búlúù tí wọ́n di ẹrù sí ni gbogbo ọjà ń pè ní Ghana Must Go dòní. Olùkọ́ ará Gánà pọ̀ nílé-ìwé girama nígbà náà, títí kan Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ tí Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n wà nínú rẹ̀. Ní 1985, Nàìjíríà tún lé àwọn àjòjì mìíràn.

Èyí tó burú nínú lílé ti 1983 àti 1985 ni pé orílẹ̀-èdè méjèèjì ti fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS ti 1979, tó gba ọmọ ẹgbẹ́ láyè àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìsí físà.

Amẹ́ríkà fi hàn bí òfin tó le mọ́ àjòjì ṣe ń kan àpò. Nígbà tí Arizona ṣe òfin SB 1070 ní oṣù Igbe ọdún 2010, tó ní kí ọlọ́pàá máa bi ẹni tí wọ́n bá fura sí ní ìwé ìgbélùú, àwọn ẹgbẹ́ gbé ìpàdé wọn kúrò níbẹ̀. Center for American Progress ṣírò pé ìpàdé tó bọ́ nìkan gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 141 dọ́là lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ náà.

Gánà ti sapá láti tún orúkọ ṣe. Òfin rẹ̀ ti ọdún 2000 fún àwọn ọmọ adúláwọ̀ tó wà lókè òkun láyè láti wá gbé ibẹ̀, àlejò tó wọlé ní 2019, ọdún ètò Year of Return, sì lé ní mílíọ̀nù kan. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra àti Kumasi, lábẹ́ òfin 2013 tó ní kí oníṣòwò àjòjì ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2025, àwọn kan tún wọ́de pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ìjọba tó ń na ọwọ́ sí ọmọ tó wà lókè òkun gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ àjòjì àti àlejò yìí kan ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Àjòjì kan, míṣọ́nnárì Baptist ará Amẹ́ríkà, John McGee, ló dá àgọ́ sílẹ̀ ní Ìkógòsì ní àwọn ọdún 1950, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ìsun omi náà àti ìtàkìtì omi Àrìntà ní Ìpólé-Ìlórò ni Ìpínlẹ̀ Èkìtì fi ń pe àlejò. Láti 2020 di 2025, Nàìjíríà fún gbogbo ọmọ Áfíríkà láyè láti gba físà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ará Gánà tàbí Togo tó bá fẹ́ wẹ̀ ní Ìkógòsì kò nílò físà rárá. Ohun tó ń bá pàdé ni àyẹ̀wò léraléra lójú ọ̀nà láti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àtúnṣe orúkọ Nàìjíríà kù sí.