Àgbò tí ó Fẹ̀yìn Rìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé ẹ̀yìn wíwò kì í ṣe ìwà òpè. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayé òde òní, ohun tí àwọn ọlọ́jà ń polówó fún wa ni pé ohun tuntun ni ó dára jù, àti pé ẹni tí ó bá padà sí ti àtijọ́ ti di ará ìgbàanì. Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìtàn náà ni ti àìmọye ènìyàn tí wọ́n yọ ètò tuntun kúrò lórí kọ̀ǹpútà wọn láàrin ọdún 2007 sí 2009, tí wọ́n sì dá ti àtijọ́ padà sí ààyè rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí a rà lọ́jà, irin àti wáyà lásán ni bí kò bá sí ètò tí ó ń darí rẹ̀. Ètò ìdarí yìí dà bí baálé ilé: òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ náà, òun náà ni ó sì ń pinnu àlejò tí yóò wọlé. Windows, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà ń ṣe, ni ó gbajúmọ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2001 ni wọ́n gbé èyí tí wọ́n pè ní Windows XP jáde.

XP kò pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Blaster dà á láàmú gidigidi. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004 ni Microsoft tó gbé àtúnṣe ńlá tí wọ́n pè ní Service Pack 2 jáde láti dí àwọn ihò ara rẹ̀. Bí ó ṣe ń jẹ̀yà ni ó ń gbọ́n. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2007, kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí ètò ìṣirò owó kan tí ó gbajúmọ̀ tí kò mọ bí a ṣe ń bá XP gbé. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà XP ti pọ̀, ó sì ń wúlò fún un.

Windows Vista ni ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí pé ìbí náà kò rọrùn. Wọ́n ti ń gbèrò rẹ̀ kí XP tó jáde, lábẹ́ orúkọ tí wọ́n fi ń dà á pè, Longhorn. Wọ́n kó ẹrù lé e títí ó fi di ohun tí kò ṣeé gbé. Ní ọdún 2004, Microsoft da púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe nù, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpìlẹ̀ Windows Server 2003. Èyí fi hàn pé kí àwọn oníbàárà tó padà sẹ́yìn, àwọn tí ó ṣe ọjà náà ti kọ́kọ́ padà. Ọjọ́ 30 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2007 ni Vista tó dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ó lé ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn XP.

Kí ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́? Lọ́nà kìn-ín-ní, ó jẹun jù. Mẹ́gábáìtì 128 ni Microsoft ní kí a fún XP kí ó lè ṣiṣẹ́ dáradára; Vista kò gba ohun tí ó dín ní 512, ó sì tún ń fẹ́ àyè gígábáìtì 15 lórí dísìkì. Lọ́nà kejì, àwọn ètò kéékèèké tí ó máa ń ṣe ògbufọ̀ láàrin kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí ẹ̀rọ ayàwòrán kò tíì gbọ́ èdè Vista, ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lánàá wá di òkú ẹrù. Lọ́nà kẹta, ìbéèrè rẹ̀ pọ̀: bí a bá fẹ́ yí ohun kékeré padà, yóò da ojú ẹ̀rọ dúdú, yóò sì bi wá bóyá lóòótọ́ ni a fẹ́ ṣe é. Kí a má ṣèké, ìbéèrè yìí nídìí. Lórí XP, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo kọ̀ǹpútà wọn pẹ̀lú àṣẹ ọba, àṣẹ yẹn náà ni kòkòrò sì ń bá wọlé. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kì í fẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ máa bi í ní ìbéèrè kan náà nígbà gbogbo.

Ariwo sọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Dell gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí ta kọ̀ǹpútà kan tí ó ní XP fún àwọn tí ń lò ó nílé. Nígbà tí Microsoft ní òun yóò dá títa XP fún àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà dúró, ìwé ìròyìn InfoWorld kó ìbuwọ́lùwé jọ ní ọdún 2008. Àwọn tí ó fọwọ́ sí i lé ní 200,000. Wọ́n ti sún gbèdéke náà láti ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún náà. Kódà lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n ṣì ń fi XP sí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké olówó pọ́ọ́kú, nítorí Vista wúwo jù fún wọn.

Ọ̀nà àtipadà náà kò tẹ́jú. Ẹnikẹ́ni kò lè gbé XP lé orí Vista bí ẹní wọ agbádá lé bùbá. Ó ní láti kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì rẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn, kí ó nu dísìkì náà nù pátápátá, kí ó tó fi síídì XP bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, XP yóò wo inú kọ̀ǹpútà tuntun náà, yóò ní òun kò rí dísìkì kankan, nítorí pé irú dísìkì bẹ́ẹ̀ kò tíì wọ́pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é. Yóò ní kí a tẹ bọ́tìnnì F6, kí a sì ki dísìkì pelebe ayé àtijọ́ bọ ihò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò sì ní ihò náà mọ́.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni ti ẹ̀tọ́. Microsoft fún àwọn oníbàárà ní àṣẹ àtipadà sí XP, ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò kárí. Ẹni tí ó ra Vista Business tàbí Vista Ultimate, tí owó wọn ga, ni ó ní in. Ẹni tí ó ra Home Basic tàbí Home Premium kò ní in. Bí ó bá fẹ́ padà, àfi kí ó tún ra XP. Olówó ni ó lè yan ìgbà tí yóò gbé. Mẹ̀kúnnù ní láti gbé ìgbà tí wọ́n bá gbé fún un.

Àpá kejì sì tún wà tí ó kan àwa tí ń fi èdè Yorùbá kọ̀wé. Vista tí gbogbo ayé ń bú yìí ni Windows àkọ́kọ́ tí ó mọ Yorùbá lórúkọ, pẹ̀lú Haúsá àti Ìgbò. Ṣáájú ìgbà náà, púpọ̀ nínú wa ń lo lẹ́tà àdáṣe, èyí tí wọ́n fi ẹ, ọ àti ṣ rọ́pò àmì mìíràn. Bí a bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, yóò di wótowòto. Lórí XP, àmì ohùn tí ó yẹ kí ó jókòó sórí ẹ tàbí ọ a máa fò ṣánlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó bá wá padà láti Vista sí XP nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ó rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò, ṣùgbọ́n ó sọ ètò tí ó mọ èdè baba rẹ̀ lórúkọ nù. N kò gbà pé èyí wá sí ọkàn àwọn tí ó ń buwọ́ lùwé ní Amẹ́ríkà, n kò sì bá wọn wí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìpadàsẹ́yìn ní iye tí a ń rà á, iye náà kì í sì í ṣe ọ̀kan náà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 2009 ni Windows 7 jáde. Orí ìpìlẹ̀ Vista gan-an ni wọ́n kọ́ ọ lé, wọ́n kàn dín ọ̀rá àti ìbéèrè rẹ̀ kù ni, ayé sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kíbọọ̀dù Yorùbá bá a dé. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti sá padà ni ó tún tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n àwọn kan jókòó pa sínú XP. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014, Microsoft dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀. Nígbà tí kòkòrò WannaCry sì ń jà káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àánú ni Microsoft fi ṣe oògùn fún àwọn tí ó ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti èmi, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ni ó lọ mú wá. Kò lọ kọ́lé sẹ́yìn. Àwọn tí ó padà sí XP ní ọdún 2007 kò ya ọ̀lẹ, wọn kò sì ya òpè. Kíkọ̀ wọn ni ó jẹ́ kí wọ́n ṣe èyí tí ó sàn. Nígbà tí Windows 10 jáde ní oṣù Keje ọdún 2015, wọ́n fi ọ̀nà àtipadà sínú rẹ̀ láti ilẹ̀, wọ́n sì fún oníbàárà ní oṣù kan láti ronú. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n gé e kù sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ìlẹ̀kùn tí ènìyàn fi ariwo ṣí nìyẹn, bí a kò bá sì ṣọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa tì í padà.