Oògùn Inú ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó: Ohun Tí A Jogún àti Ohun Tí A Fi Kún Un

Ọ̀rọ̀ inú ni a fẹ́ sọ: inú tó ń kún tí kò rọ̀, oúnjẹ tí kò dà, ìgbẹ́ tó gbẹ tàbí tó ń ṣàn, àyà tó ń jó, jẹ̀díjẹ̀dí tó ń lọ tó tún ń padà. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kì í sábà pani lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ènìyàn gbádùn ayé. Láti Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ dé àwọn gáréèjì Oǹdó, ìgò agbo kan náà ni wọ́n ń tà fún gbogbo rẹ̀, wọ́n á ní ogún àwọn baba wa ni. Ṣé lóòótọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn wò.

Ẹni tó bá ń wá ìtàn Ifá nínú ìwé kò lè fo Oǹdó. Ibẹ̀ ni E. M. Lijadu, ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, ti ṣiṣẹ́. Òun ló kọ ìwé Ifá tó jáde ní 1898, àti Ọ̀rúnmìlà tó jáde ní 1908. Ó jókòó ti babaláwo, ó kọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu wọn, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsìn ló ń wá, kì í ṣe ewé. Ó fẹ́ mọ ohun tí àwọn baba wa gbà gbọ́, kí ó lè gbé e ka iwájú Bíbélì. Báyìí ni Ifá ṣe kọ́kọ́ wọ inú ìwé lọ́dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ìsìn, tí oògùn rẹ̀ dúró sẹ́nu awo àti sọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wẹ́ ọmọ.

Àwọn ẹlòmíràn ló wá kọ ti ewé. Joseph Odumosu ní Ìjẹ̀bú kó oògùn jọ sínú Ìwé Ìwòsàn. Pierre Verger, ará Faransé tí wọ́n tẹ̀ ní Ifá ní Kétu ní 1953 tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí, tẹ Àwọn Ewé Ọ̀sanyìn jáde ní Ifẹ̀ ní 1967. Ìwé ńlá rẹ̀, Ewé, jáde ní Brazil ní 1995, ọdún kan kí ó tó papò dà. Oògùn tó lé ní 400 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i yóò rí i pé oògùn kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tó wà fún, ewé tirẹ̀, ọfọ̀ tirẹ̀ àti Odù tó bí i. Kò sí ibi tí wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìgò kan pé kí aláìsàn máa mu ún lọ.

Kí ni àwọn àgbà rò nípa inú gan-an? Anthony Buckley bi àwọn oníṣègùn wa léèrè, ìwé rẹ̀, Yoruba Medicine, sì jáde ní Oxford ní 1985. Wọ́n sọ fún un pé aràn àti kòkòrò ní ibùgbé tiwọn nínú ara, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Aràn wà lára ohun tó ń bá wa da oúnjẹ. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù, tí àpò wọn kún àkúnwọ́sílẹ̀, ni àìsàn dé. Ohun dídùn ní àjẹjù ló ń mú wọn pọ̀, ohun kíkorò ló sì ń dín wọn kù. Ẹ kíyè sí i: wọ́n ní dín kù, wọn ò ní pa tán. Bí oògùn bá wà láti dín nǹkan kù, a jẹ́ pé ó ní ibi tó ti gbọ́dọ̀ dúró.

A kò sọ pé baba wa ti mọ ohun tí ilé àyẹ̀wò mọ̀. Ní 1982 ni Barry Marshall àti Robin Warren, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, rí i pé kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí wà nídìí ọ̀pọ̀ ọgbẹ́ inú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2005. Kòkòrò yẹn kò bá èyí tí àwọn àgbà ń sọ mu tán. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà gbà lónìí pé ọ̀pọ̀ irú ohun abẹ̀mí bẹ́ẹ̀ ló ń gbé nínú ìfun wa tí wọ́n ń ṣe wá lóore, àti pé fífọ inú ṣáá kọ́ ni ìlera.

Ewé pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀kan. Àsùnwọ̀n ń ṣí ìgbẹ́ tó gbẹ. Ní 1989, A. A. Elujoba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ẹbí àsùnwọ̀n tó ń hù ní Nàìjíríà àti agbára wọn láti ṣí inú. Sénà tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn òyìnbó, ẹbí kan náà ni. Bí a bá wá fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe ní àsùnwọ̀n ńkọ́? A ti da epo sí iná. Efinrin la ń wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ewúro ni ti aràn. Lọ́dún 1989 kan náà ni Michael Huffman àti Mohamedi Seifu kọ ọ́ pé, ní òkè Mahale ní Tanzania, àwọn rí ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò dá tó ń jẹ inú igi ewúro, tí ara rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Ní ti ọgbẹ́ inú, ìwádìí kan tó jáde ní 1984 fi hàn pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n dáàbò bo inú eku tí wọ́n fún ní asipirín. Eku ni o, kì í ṣe ènìyàn. A kì í fi ti eku búra.

Ẹ wá wo inú ìgò òde òní. Omi àti omidùn, ìyẹn omi orí ògì tó ti kan, ni wọ́n fi kọ́ wa láti máa rẹ egbò àti èèpo igi. Ní gáréèjì, ògógóró ti gbapò wọn. Páràgà lorúkọ rẹ̀. A ní ẹmu, a ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ látayébáyé, ṣùgbọ́n ọtí líle tí a ń fi iná sè, tí a ń gba ooru rẹ̀, kò sí lára ohun tí àwọn baba ńlá wa mọ̀. Ọkọ̀ òkun ló kọ́kọ́ kó jẹ́ní wá. Ní nǹkan bí 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ tí jẹ́ní sì wọ́n, ni àwọn ènìyàn wa ní gúúsù Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í sè é fúnra wọn káàkiri. Ìjọba àmúnisìn sì fòfin dè é. Ẹni tó bá ní agbo inú ògógóró ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹ bi í pé ta ló bá àwọn ará ìwáṣẹ̀ sè é. Ọtí líle yìí kan náà ló sì ń ta ọgbẹ́ inú.

Ohun tí àwa kọ́ lọ́dọ̀ ojúgbọ̀nà wa yàtọ̀ sí èyí. A ó kọ́kọ́ bi aláìsàn léèrè: kí lo jẹ, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, báwo ni ìgbẹ́ rẹ ṣe rí? A ó dá Ifá, a ó fi ìbò bi í bóyá ewé ni, ẹbọ ni, tàbí èèwọ̀ oúnjẹ ni ó jẹ. A ó ka ọjọ́ tí yóò fi lo oògùn. Tí ọjọ́ bá pé, ó parí nìyẹn. Bí inú kò bá gbọ́, a tún bi Ifá. A kì í kàn bu agbo kún agbo. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára rèé. Àwọn kan wà tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń rù, tí agbára wọn ń lọ, tí wọ́n ń mu agbo jẹ̀díjẹ̀dí láti ọdún dé ọdún. Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ìfun ńlá, tó ṣeé wò bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, tó sì ń ṣòro bí ó bá pẹ́. Ẹni tó ń fi agbo ṣí inú lójoojúmọ́ ń pàdánù omi àti iyọ̀ ara, ìyẹn sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn àgbà ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n tí a bá di aláìsàn mú títí ikú fi bá a nílé wa, kí la ó wí?

Nítorí náà, ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká dá ìdíwọ̀n padà sínú oògùn inú. Ewé kọ̀ọ̀kan fún àìsàn tirẹ̀, ọjọ́ tó níye, kí ògógóró má sì bá a wọlé. Ẹ jẹ́ ká máa kọ ohun tí a fún aláìsàn sílẹ̀, àti bí ó ti ṣe é. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tàbí tó ń rù láìnídìí, ẹ jẹ́ ká ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù kí a tó já ewé kankan. Oǹdó tí Lijadu ti kọ Ifá sílẹ̀ ti ní yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tirẹ̀ báyìí. Ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn sí ilé awo kankan. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ a máa lọ bi àwọn awo mìíràn léèrè ọ̀rọ̀ tirẹ̀.